Ọ̀gá Ń Dáná, Ẹ Má Dá Wọn Lóhùn

Ẹ bá mi kí àwọn ọ̀gá Òṣogbo kú oríire, wọ́n ti mọ iná í dá. Àwọn tí kò mọ ibi tí ìyàwó wọn ń fi ìṣáná sí láti ọjọ́ ìgbéyàwó, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ mu tíì, gbogbo ilé ló ń gbọ́, àwọn náà ló ń so épírọ́ọ̀nù aláwọ mọ́dìí nírọ̀lẹ́ Sátidé báyìí, tí wọ́n dúró ti èédú lẹ́yìnkùlé bí àwòrò tó ń ṣọ́ ojúbọ.

Ìkòkò ìsunran alámọ̀ ló kó wọn dédìí iná. Kamado lorúkọ ẹ̀. Ara ẹ̀ nípọn, ọmọrí ẹ̀ wúwo, ihò afẹ́fẹ́ kan wà nísàlẹ̀, òmíràn wà lórí ọmọrí. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Japan ni ọgbọ́n ẹ̀ ti wá. Àwọn sójà Amẹ́ríkà rí i níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n gbé e relé, nígbà tó sì di 1974, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Big Green Egg bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Atlanta. Ó wá balẹ̀ sí GRA Òṣogbo. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọlé. Bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìyá ọ̀gá tó wá kí wọn láti Ìkìrun yí i ká, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé wọn ò mọ àdògán mọ́ ní Ìpetumodù ni?” Ọ̀gá ní, “Màámi, ẹ ò lè mọ̀, serámíìkì nìyí.” Màmá ní àwọn ti gbọ́. Ìlú tó jẹ́ pé ìkòkò aró Ọ̀ṣun tí igi àwọn ọdẹ wó lù wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ dó, ibẹ̀ ni amọ̀ ti wá di ọjà òkèèrè!

Èédú ńkọ́? Ọ̀gá ò jẹ́ ra ti inú àpò tí wọ́n sun ní Òkè-Ògùn. Àfi èyí tó wà nínú bébà aláwòrán. Bẹ́ẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí kan náà ló ti kó èédú rẹpẹtẹ lọ sí Yúróòpù; ta ló lè búra fún mi pé igi Ṣakí kọ́ ló lọ gba físà, tó pààrọ̀ aṣọ, tó padà wálé? Wọ́n ní èyí tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀, ò gbọ́dọ̀ débẹ̀, pé eérú ẹ̀ á dí ihò. Òótọ́ ni. Ìyá tó ń sun àgbàdo ní Ọlá-Ìyá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò kàn fi ṣe ìwàásù.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí iná dídá gan-an. Aago mẹ́rin ni wọ́n pè wá. Aago mẹ́rin lù, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó eérú ọjọ́sí. Ó to èédú, ńlá nísàlẹ̀, wẹ́wẹ́ lókè, ó ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń yí i wò. Ó ki ègé ìda tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi pò sáàárín, ó ṣáná sí i, ó ṣí ihò ìsàlẹ̀ gbayawu, ó fi ọmọrí sílẹ̀ láìdé. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó dé e. A rò pé ó kan ẹran. Ó ní rárá, èéfín funfun ṣì ń jáde, ẹran á korò. Èéfín mọ́ tán, ooru tún ti kọjá ibi tó ń fẹ́: 110°C ló ń wá, aago tó ń wọn ooru lára ìkòkò ti wà ní 180. Ó dín ihò kù. Ẹ̀yin ará, amọ̀ tó bá ti gbóná kì í tutù bọ̀rọ̀, iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn. A jókòó ti ìkòkò, à ń bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó sọ̀ kalẹ̀. Ikùn alhaji tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń kùn, ó ń dọ́gbọ́n wúkọ́ bò ó.

Ti ibí yìí tiẹ̀ sàn. Nílé ọ̀gá mìíràn, dírẹ́bà tó fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́ ló da kẹrosíìnì sí i. Àṣé amọ̀ ń fa epo mu. Títí dòní, adìẹ tó bá tibẹ̀ jáde, kẹrosíìnì ló ń rùn.

N ò ní purọ́ mọ́ ìkòkò o. Ẹran inú ẹ̀ kì í gbẹ, bí wọ́n bá sì dí ihò méjèèjì, èédú á kú, wọ́n á tún fi dáná lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ ẹni tó gún ata, tó fi iyọ̀ àti àlùbọ́sà pa ẹran lára láti òru, tí yóò tún fọ àwo, ìyàwó ni. Ẹni tó wà nínú fọ́tò, ọ̀gá ni.

Èyí tó tún wá dé báyìí ni irin kan tí wọ́n ń kì bọ ẹran, tó ń fi iye ooru inú ẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù. Aago mẹ́jọ ku díẹ̀, fóònù ọ̀gá kú, iná mànàmáná ò sì sí. Ó ní a ò lè gé ẹran tá ò mọ̀ bóyá ó ti jinná. Ìyàwó jáde wá, ó fi fọ́ọ̀kì gún un, ó ní, “Dádì Támi, ó ti jinná láti aago méje. Ẹ jẹ́ káwọn àlejò jẹun.”

Ọ̀gá ní ká ṣe sùúrù, wọ́n ń lọ tan jẹnẹrétọ̀.