Ẹ Má Pe Èyí Ní Pípín Dọ́gba Mọ́

Ó ti sú mi! Gbogbo ìgbà tí iná bá ti fẹ́ tán lórí mítà ilé wa níbí, ní Ilé-Ifẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń gbé jáde: "Ẹ jẹ́ ká pín in dọ́gba." Yàrá 8, mítà kan ṣoṣo, iye kan náà lórí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá lanu sọ̀rọ̀, ahun ni, kò fẹ́ àlàáfíà nínú ilé.

Kí ló dọ́gba níbẹ̀? Gílóòbù kan, fáànù kan àti ṣájà fóònù ló wà ní yàrá tèmi. Ìyá olómi tútù tó kọjú sí mi ní fírísà méjì, tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń kùn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tó wà lẹ́yìn, orí họ́ọ̀tì-pléètì ni wọ́n ti ń se ẹ̀wà. Ẹ̀wà o! Nígbà tí mo lọ tọ́jú ìyá mi ní Iléṣà, tí àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, owó kan náà ni wọ́n ní kí n san nígbà tí mo dé. Ṣé àgádágodo ló ń jẹ iná ni?

Mi ò fojú díwọ̀n o. Iná ṣeé kà. Wọ́n kọ iye wọ́ọ̀tì sára ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Yúníìtì kan tí à ń rà, 1,000 wọ́ọ̀tì fún wákàtí kan ni. Gílóòbù LED mi, wọ́ọ̀tì 10, yóò tàn fún wákàtí 100 kó tó jẹ yúníìtì kan. Fáànù mi ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní purọ́: wọ́ọ̀tì 70, nǹkan bíi wákàtí 14 ni yúníìtì kan bá a dé. Họ́ọ̀tì-pléètì oníwọ́ọ̀tì 1,000 jẹ odidi yúníìtì kan ní wákàtí kan péré. Ìkòkò ẹ̀wà kan tó bá lo wákàtí 2 lórí rẹ̀ ti jẹ iná tí gílóòbù mi máa jẹ fún ogójì alẹ́, bí mo bá ń tàn án fún wákàtí 5 lálaalẹ́. Ogójì alẹ́! Wọ́n sì ní ká san iye kan náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn á ní, "Mọ̀mí, ẹ jẹ́ ká kàn split ẹ̀." Ta ló sọ fún wọn pé split gbọ́dọ̀ dọ́gba? Igi tí wọ́n là, ṣé ọgbọọgba ló máa ń là?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé bàbá onílé ń fi àṣà bò ó. Wọ́n ní bí àwọn baba wa ṣe ń pín nǹkan nìyẹn. Kì í ṣòótọ́! Bí baba bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá, a lè pín ogún ní ìdí-igi, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, ì báà bí ọmọ kan, ì báà bí mẹ́fà. A sì lè pín in ní orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tirẹ̀. Ìyàwó 4 àti ọmọ 9 ló wà nínú ẹjọ́ ogún Dawodu ní Èkó, tó dé Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, ní 1962. Ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ náà fara mọ́, wọ́n sì ní bí àríyànjiyàn bá dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n lo orí-ò-jorí. Àwọn tó mọ pípín máa ń kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ka ìpín. Ní ilé wa, yàrá ni wọ́n ń kà, yàrá ò sì jẹ iná rí. Ogún gan-an nìyẹn, ohun tí ọmọ bá nílẹ̀. Gbèsè ni owó iná. Èwo ni tèmi nínú gbèsè fírísà?

Iná ìta àti ti ẹ̀rọ tó ń fa omi, ẹ pín ìyẹn dọ́gba, mo gbà, gbogbo wa là ń lò ó. Ìyókù, mítà kékeré wà lọ́jà. Mo ti bi àwọn tó ń ta ohun èlò iná ní Sábó. Wọ́n á so ó mọ́ wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan, a óò kọ nọ́ńbà ojú rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí a bá tún fẹ́ ra iná, a óò yọ ti àtijọ́ kúrò nínú tuntun. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Bàbá onílé ní àwọn ò ní náwó sí i. Mo ní kí kálukú ra tirẹ̀, ìyá olómi tútù ní mo fẹ́ tú ilé ká.

Nígbà tí wọ́n bá tún wá gba owó iná, owó gílóòbù, fáànù àti ṣájà mi ni mo máa san, àti ìpín mi nínú iná ìta àti omi. Bí bàbá onílé bá fẹ́ já wáyà mi, kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi dé ẹ̀yìn fírísà méjèèjì yẹn, ká jọ ka wọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ síbẹ̀.