Ṣé eré àsápajúdé ló ń fún ìdí ẹṣin lágbára, àbí gígun òkè?

Ìyá Àdùnní (Gwarinpa): Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ṣin ẹgbẹ́ mi. Ọwọ́ ọkùnrin kan ní Kano ni mo ti ra ẹṣin mi, ọdún 9 ni, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, Hawan Sallah, ìgun-ẹṣin níwájú ọba lọ́jọ́ ọdún, ni wọ́n ń fi í ṣe tẹ́lẹ̀. Tó bá ń fo igi, iwájú á kọjá wẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á gbá igi dànù, bẹ́ẹ̀ igi náà kò ju sẹ̀ńtímítà 80 lọ. Lórí pápá títẹ́ náà, ńṣe ló ń wọ́ ìdí tẹ̀lé ara rẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á sì dé ọwọ́ mi nínú ìjánu. Ẹni tó ń bá mi tọ́jú rẹ̀ ní kí n máa fi í sáré àsápajúdé nínú iyanrìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ẹlòmíì ní kí n máa mú un gun òkè. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ọmọ Sabon Gari: Ẹ fi sáré, mà. Kano ni wọ́n bí mi sí. Ẹ wo àwọn ẹṣin tó ń ṣe jahi, eré ìkíni, níwájú ọba: wọ́n á ti òkèèrè sáré bọ̀ bí ìjì, wọ́n á dúró gbọn-in, ìdí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Ní 2024, UNESCO gba Durbar Kano, ìyẹn Hawan Sallah yìí, wọlé sínú ohun àjogúnbá aráyé. Ta ló to igi sílẹ̀ fún àwọn ẹṣin yẹn? Eré ló mú ìdí wọn le.

Bàbá Sàídì (Kàdúná): Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ́jú ẹṣin polo, mo sì nífẹ̀ẹ́ Durbar bí ìwọ náà ṣe nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n irin ẹnu un nì, linzami, òun ló ń dá ẹṣin dúró. Ó dun ẹnu, ẹṣin á gbé orí sókè, á ya ẹnu, ẹ̀yìn rẹ̀ á rì wọlé. Ẹṣin tí ẹ̀yìn rẹ̀ rì kò lè fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ sábẹ́ ikùn, nígbà tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ ni agbára fífò ti ń wá. Ohun tí Ìyá Àdùnní ń rí gan-an nìyẹn. Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń san gbèsè ìdúró gbọn-in yẹn. Mo ti rí èyí tí tiẹ̀ wú kó tó pé ọdún 10.

Ọmọ Sabon Gari: Bàbá, kì í ṣe gbogbo wọn. Ẹṣin àbúrò bàbá mi dàgbà ó darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Dókítà Ẹran (Zaria): Ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ẹṣin tó dúró láìní ẹni lórí, tí a bá pín ìwúwo rẹ̀ sí 100, nǹkan bí 60 wà lórí ẹsẹ̀ iwájú. Ẹni tó gùn ún tún ń fi kún un. Gbogbo iṣẹ́ wa ni láti kọ́ ọ kó gbé díẹ̀ padà sẹ́yìn, iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ ló sì ń kọ́ ọ. Ẹran itan máa ń le láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun, àti egungun fúnra rẹ̀, ń gba oṣù. Tí itan bá ti yó agbára tí iṣan kò tíì tó, iyanrìn jíjìn ló máa ń já a, pàápàá nígbà tó bá ti rẹ ẹṣin.

Ìyá Àdùnní, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 bẹ̀rẹ̀ lórí òkè, ìrìn lásán, ẹ jẹ́ kó na ọrùn sílẹ̀. Ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́ẹ́ náà, torí nígbà tó bá ń sọ̀ ni ẹ̀yìn ń kọ́ bí a ṣe ń gbé ẹrù. Lórí pápá, ìrìn, dúró, ìrìn. Tírọ́ọ̀tì (eré pẹ̀lẹ́ tó yá ju ìrìn lọ), ìrìn, tírọ́ọ̀tì, kí ó dáhùn sí ara yín kó tó dé ọwọ́. Kó rìn sẹ́yìn ìṣísẹ̀ 4 tàbí 5, ní ọ̀nà títọ́, kì í ṣe pé kí ẹ fà á. Lẹ́yìn náà ni igi ilẹ̀, igi tí a tẹ́ sílẹ̀ kí ẹṣin máa gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀: fún ìrìn, sẹ̀ńtímítà 80 sí 90 láàárín igi sí igi, fún tírọ́ọ̀tì, bíi mítà 1.2 sí 1.3. Àwọn ẹṣin Òkè Ọya yìí kò tóbi, ẹ lè sún un mọ́ra tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ kò bá tó o.

Àlàájà Ìlọrin: Ẹ fi oúnjẹ kún un o. Dúsà, èérí ọkà, nìkan kò lè kọ́ ẹran sí ìdí. Ewé ẹ̀pà gbígbẹ, harawa, ló ní èròjà tó ń kọ́ ara. Ẹ sì fi iyọ̀ sílẹ̀ kó máa lá, ooru Abuja yìí ń fa òógùn jáde lára wọn gan-an.

Ọmọ Sabon Gari: Ó dáa, mo gbà pé kí òkè ṣáájú. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ pé eré kò wúlò rárá.

Dókítà Ẹran (Zaria): Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 8, káńtà (eré tó yá ju tírọ́ọ̀tì lọ, tí kò tó àsápajúdé) kúkúrú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ilẹ̀ tó le díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré, àmọ́ nínú ara ẹṣin kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ló ń ti iwájú.

Ìyá Àdùnní (Gwarinpa): Ẹ ṣeun gan-an. Mo mú un lọ sí apá Katampe láàárọ̀ yìí kí oòrùn tó mú, mi ò gùn ún, mo fà á lọ́wọ́ ni. Ní ìdajì òkè, mo gbọ́ tó ń fi imú pátákò ẹ̀yìn òsì họ ilẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ náà wò: imú bàtà irin ti òsì ti jẹ tán, ti ọ̀tún ṣì nípọn.

Ọmọ Sabon Gari: Mà, ẹ wo ọrùn ẹsẹ̀ òsì yẹn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ẹṣin Sallah, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi okùn dè mọ́ èèkàn, ọdún dé ọdún, ẹsẹ̀ kan náà.

Ìyá Àdùnní (Gwarinpa): Àpá wà níbẹ̀. Irun kò hù lójú rẹ̀ mọ́, ó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́.

Dókítà Ẹran (Zaria): Ẹ dá òkè dúró, ẹ má gùn ún, ẹ má sì tíì to igi kankan. Ẹ pe dókítà ẹran tó wà nítòsí yín kó wá wo ẹsẹ̀ yẹn lónìí. Ìdí tó ń wọ́ yẹn lè jẹ́ ìrora, kì í ṣe àìlágbára. Látòní lọ, ẹ jẹ́ kó máa dúró nínú ilé rẹ̀ láìsí okùn lẹ́sẹ̀.

Ọmọ Sabon Gari: Mà, tó bá jẹ́ pé ẹ kò rí ẹni tó máa kan ilé fún un, mo ní gbẹ́nàgbẹ́nà kan ní Kubwa tó mọ̀ ọ́n ṣe. Mo lè mú un wá ní Sátidé.