Ẹ Jẹ́ Kí Bùbá àti Fìlà Wọ Ilé Ẹgbẹ́ Gọ́ọ̀fù

Ó tó àsìkò kí àwọn ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ilẹ̀ wa, láti Ìkòyí àti Ìkẹjà títí dé Ìbàdàn, tún òfin aṣọ ilé ẹgbẹ́ wọn kọ. A ò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Kí èyí tó ń dáàbò bo pápá àti ilé dúró, kí èyí tí wọ́n kàn fi ń ya èèyàn sọ́tọ̀ sì kúrò nílẹ̀.

Òfin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ẹgbẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ̀wù gbọ́dọ̀ ní kọ́là, kí ọkùnrin sì ki ẹ̀wù náà bọ inú ṣòkòtò. Kò gbọdọ̀ sí jíǹsì, kò gbọdọ̀ sí tí-ṣẹ́ẹ̀tì, kò gbọdọ̀ sí sílípáàsì. Ṣòkòtò péńpé gbọ́dọ̀ sún mọ́ orúnkún. Fìlà kò gbọdọ̀ wà lórí nínú ilé. Tí èèyàn bá béèrè ìdí, wọ́n á ní bí òfin gọ́ọ̀fù ṣe rí nìyẹn.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. R&A ní St Andrews lórílẹ̀-èdè Scotland àti USGA l'Amẹ́ríkà, àjọ gọ́ọ̀fù méjì, ló jọ ń ṣe òfin gọ́ọ̀fù fún gbogbo àgbáyé. Láti ọdún 2023, òfin náà jẹ́ 25, kò sì sí èyí tó sọ pé ẹ̀wù gbọ́dọ̀ ní kọ́là. Òfin 1.2b kàn gba ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó pápá tàbí ìdíje láyè láti gbé ìlànà ìwà tiwọn kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló gbé e kalẹ̀, ìgbìmọ̀ ló sì lè tún un ṣe.

Bàtà ni òfin rẹ̀ ní ìdí tó ṣe é fojú rí. Láyé àtijọ́, ìṣó irin ló máa ń wà nísàlẹ̀ bàtà gọ́ọ̀fù. Ìṣó yẹn máa ń gún gíríìnì, ìyẹn ojú koríko kúnnákúnná tí ihò wà, á sì fa koríko sókè. Bọ́ọ̀lù tó ń yí lọ sínú ihò á kàn án, á yà bàrá. Tí bàtà náà bá dé inú ilé, á fa kápẹ́ẹ̀tì ya, á sì ha pákó ilẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni ìṣó oníke ti ń gba ipò rẹ̀, ìwé òfin fúnra rẹ̀ sì ti pèsè òfin àṣàyàn G-7 fún ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ lé ìṣó irin kúrò ní pápá. Ṣùgbọ́n ìṣó oníke náà ní wàhálà tirẹ̀. Lásìkò òjò, koríko gígé àti ẹrẹ̀ máa ń dì mọ́ ọn, tó bá sì gun táìlì, ó lè yọ̀, kó gbé àgbàlagbà ṣubú. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kí ilé rẹ̀ mọ́, kó ṣe bọ́rọ́ọ̀ṣì líle àti ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ fẹ́ koríko kúrò lára bàtà sẹ́nu ọ̀nà tó ti pápá wọlé, kó sì tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ láti ibẹ̀ dé báà. Owó tó máa ná wọn kò pọ̀.

Kọ́là ńkọ́? Lóòótọ́, ó máa ń fún ọrùn ní ìbòòji díẹ̀ lórí pápá. Nínú ilé, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù, kò sí oòrùn tó fẹ́ dá dúró. Ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù Augusta l'Amẹ́ríkà, tó le koko lórí ìmúra pàápàá, ibẹ̀ ni Tiger Woods, ìlúmọ̀ọ́ká akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù, ti gba ìdíje ńlá Masters lọ́dún 2019 nínú ẹ̀wù pupa tí ọrùn rẹ̀ dúró ṣánṣán, tí kọ́là kankan kò yí wálẹ̀. Ti ṣòkòtò péńpé náà ti ń yí padà: European Tour, ètò ìdíje àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù, gbà wọ́n láyè láti máa wọ̀ ọ́ fún ìdánrawò lọ́dún 2016, PGA Tour ti Amẹ́ríkà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2019, LIV, ètò ìdíje akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mìíràn, sì gbà á nínú ìdíje gan-an lọ́dún 2022. Ẹni tó bá fi bíi wákàtí mẹ́rin parí ihò 18 nínú ooru Èkó, tó sì fẹsẹ̀ rin bíi kìlómítà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó jókòó kó mu omi tútù nínú ṣòkòtò péńpé tó mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn wá jù ni aṣọ tiwa. Bùbá kò ní kọ́là. A kì í ki bùbá bọ inú ṣòkòtò. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti ba ìmúra rẹ̀ jẹ́. Abetí-ajá tí wọ́n fi aṣọ òkè rán kì í ṣe ẹgbẹ́ fésìkáàpù tí a dé nítorí oòrùn. Ara ìmúra ni, ọba àti àgbà la máa ń ṣí i fún, a kì í ṣí i fún òrùlé. Bí a bá fi òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé ẹgbẹ́ wọn bàbá kan tó ti òde ìgbéyàwó wá nínú bùbá àti ṣòkòtò tó gún régé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti rú u kó tó jókòó: ní ọrùn, ní ìdí ẹ̀wù, ní orí. Ẹni tó wọ ẹ̀wù oníkọ́là tó ti ṣá, tó ṣáà ti ki ẹ̀wù náà bọ ṣòkòtò, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Òfin tó bá ń ṣe ìdájọ́ báyìí kò mọ ìmúra lójú.

Ní oṣù keje ọdún 2014, wọ́n dá adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga kan padà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì kan ní Chennai, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, torí pé ó ró veshti, aṣọ funfun tí àwọn ọkùnrin Tamil ń ró mọ́dìí. Kí ọdún náà tó parí, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ti fi òfin dè é pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ tìtorí aṣọ ìbílẹ̀ lé èèyàn mọ́. A ò fẹ́ kó di ohun tí ìjọba máa dá sí níbí. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ ohun tí ẹnu ọ̀nà máa ń fi ojú èèyàn rí. Lọ́dún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol l'Ékòó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, torí pé aláwọ̀ dúdú ni, ariwo rẹ̀ sì le débi pé Richards, gómìnà Nàìjíríà nígbà náà, ní láti pàṣẹ kí irú ìyapa bẹ́ẹ̀ dópin. Ọwọ́ àwọn òyìnbó ìgbà náà la ti jogún òfin ilé ẹgbẹ́.

Àwọn tó ta kò wá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, síńgílẹ́ẹ̀tì ló máa tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán, ìdí sì nìyẹn tí a fi ní kí òfin wà. Kí wọ́n kọ ohun tí wọn ò fẹ́ sílẹ̀ kedere: síńgílẹ́ẹ̀tì, aṣọ ìwẹ̀, aṣọ tó ya tàbí tó dọ̀tí, bàtà ẹlẹ́rẹ̀. Jíǹsì tó mọ́, tí kò ya, kó wọ báà. Bí kápútéènì ẹgbẹ́ bá ń ṣe àsè alẹ́, kí ìwé ìpè sọ ọ́: kóòtù tàbí aṣọ ìbílẹ̀ pípé.

Ọwọ́ ẹni tó ń mú òfin ṣẹ ló ti sábà máa ń bàjẹ́. Agbáwo tàbí máígádì ni wọ́n ń rán sí àlejò. Kò lè dá ọ̀gá ńlá tó wọ jíǹsì dúró, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ló máa fi gbá a. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò ní ẹni tó máa gbà á sílẹ̀ ló máa kàn. Ọ̀pọ̀ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ gọ́ọ̀fù wa ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi kádì, tó ń gbé báàgì oníbàágì. Irú wọn ni òfin tí kò ṣe kedere máa ń kọ́kọ́ mú. Kí iṣẹ́ yìí di ti máníjà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, kó pe èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó sọ̀rọ̀. Kí àwòrán ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ wà ní géètì, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àlejò nígbà tó bá ń gba àkókò eré, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni yóò ti gbọ́.

Kí ìgbìmọ̀ dán òfin tuntun wò fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n kọ ẹ̀sùn tó bá wáyé sílẹ̀, kí wọ́n sì kà á fún ìpàdé gbogboogbò ọdọọdún kí wọ́n tó dìbò. Ohun kan wà tí kò yẹ kó dúró de ìpàdé kankan. Lọ́sẹ̀ yìí, kí wọ́n fi ìlà kan kún ìwé ara ògiri: bùbá, dàńṣíkí, agbádá, fìlà ìbílẹ̀, gèlè àti híjáàbù kò sí lábẹ́ òfin kọ́là, òfin kíki ẹ̀wù bọ ṣòkòtò àti òfin ṣíṣí fìlà.