Alága Tó Gbé Dísọ́nárì Mì

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí Twitter, tí wọ́n ti sọ di X, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo. Paul Graham, ọ̀kan lára àwọn tó dá Y Combinator, iléeṣẹ́ tó ń náwó sí àwọn iléeṣẹ́ tuntun, sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ní ẹnì kan kọ ímeèlì àbá iṣẹ́ kan sí òun, àfi bí òun ṣe rí "delve" nínú rẹ̀. Ohun tó ń dọ́gbọ́n sọ ni pé ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń báni kọ̀wé, ló kọ ọ́, pé èèyàn kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Yéè! Ọ̀rọ̀ dé etí àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ká tó ṣẹ́jú pẹ́ú, wọ́n ti bo ọkùnrin náà bámúbámú. Wọ́n ní kí ló le nínú delve, ṣebí òun làwọn fi ń mu ẹ̀kọ láàárọ̀. Kálukú kó gírámà tó ti tọ́jú láti ọjọ́ WAEC síta, wọ́n ń dà á lé e lórí, àwọn ọ̀rọ̀ tí ChatGPT fúnra rẹ̀ máa rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó lò. Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi han ayé pé àwa kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ò tó wa.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọ̀rọ̀ oko ni delve. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ́ kó tó di ohun tí à ń fi gbẹ́ ìdí ọ̀rọ̀. Ní 1381, nígbà tí owó orí sú àwọn mẹ̀kúnnù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì dìde, àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Ball fi ọ̀rọ̀ náà wàásù fún wọn: nígbà tí Ádámù ń kọ ilẹ̀, tí Éfà ń rànwú, ta ni ọlọ́lá nínú wọn? Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi na àwọn ọlọ́lá ní pàṣán làwa wá fi ń ṣe ọlọ́lá.

Twitter kéré ṣá. Ẹ lọ síbi ìsìnkú àgbà lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi gbé máíkì fún alága ọjọ́ náà. Yóò fi bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dárúkọ àwọn èèyàn ńlá, yóò wá ní "all protocols duly observed". Inú tirẹ̀ kì í dùn bíi ti èmi àti ẹ̀yin. Ó máa ń exhilarated. Kì í kí ẹbí, ó ń felicitate. Màmá tí wọ́n wá sin, tó lo ọdún 85 láyé, tó ta ìrẹsì títí orúnkún fi ń dùn ún, ti di octogenarian. Kò tilẹ̀ kú mọ́, ó transition. Àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ kánọ́pì ò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń mirí: "Ọmọ yìí mà kàwé o!" Ọfọ̀ ni. Ọfọ̀ tó bá ti yé tọmọdé tàgbà, ta ló tún máa bẹ̀rù rẹ̀? Bí alága bá sọ pé "ẹ kú ọ̀fọ̀, màmá ṣe wá lóore", wọ́n á ní kí ló gbé e dé orí àga.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ yìí ti wà tipẹ́. K.O. Mbadiwe, òṣèlú ọmọ Arondizuogu tó kú ní 1990, fi òyìnbó rẹpẹtẹ gba orúkọ kárí ilẹ̀ yìí. Láti ayé tirẹ̀ ni gbogbo ẹni tó bá ti lówó ti di "timber and calibre", àfi bí ẹni pé ibi ìlagi Òkò Bàbá l'Ékòó ni wọ́n ti là á ní pákó. Patrick Obahiagbon láti ìpínlẹ̀ Ẹdó, tó lọ ilé aṣòfin Àbújá ní 2007, gbé tirẹ̀ kọjá ibẹ̀. "Crinkum-crankum" tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni lóòótọ́, ohun tó bá lọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jà. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń sín in jẹ láìmọ ìtumọ̀ ni wọ́n ń dá orí fífọ́ sílẹ̀.

Ilé ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Láyé tiwa, ẹni tó bá lè ka "pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis" láìmí lọ̀jọ̀gbọ́n kíláàsì. Lẹ́tà 45! Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ní 1935 ni Everett Smith, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi àdììtú ọ̀rọ̀ ṣeré ní Amẹ́ríkà, jókòó hun ún kó lè gùn ju gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku òkè oníná ń fà ni wọ́n ní ó jẹ́. Òkè oníná wo ló wà n'Íbàdàn? Eruku Ìwó Road nìkan la mọ̀.

Kí n sì sọ èyí tó dùn jù. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi irú èèyàn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀ sí Èkó. Ìwo ẹran ni akọ̀wé wọn ń bu tàdáwà sí nígbà náà, wọ́n wá ń pe gírámà àsọrégèé ní ọ̀rọ̀ ìwo tàdáwà. Ní 1553, Thomas Wilson tẹ ìwé kan nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ó sì fi lẹ́tà kan síbẹ̀ tó ní ará Lincolnshire kan ló kọ ọ́ láti fi tọrọ ipò nínú ìjọ. Láti orí dé ẹsẹ̀, èdè Látìnì tí wọ́n wọ̀ láṣọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tó bá ti ka lẹ́tà ìwáṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí rí á rò pé ọmọ Abẹ́òkúta ló kọ ọ́. Wilson ní bí ìyá àwọn mìíràn nínú wọn bá wà láyé, kò ní lè sọ ohun tí ọmọ òun ń wí. (Àwọn ìyá abẹ́ kánọ́pì, ẹ ò dá wà.)

Wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Nígbà tó di 1604, Robert Cawdrey ti ní láti tẹ ìwé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bíi 2,500, Gẹ̀ẹ́sì sí Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Samuel Johnson wá gbé dísọ́nárì ńlá tirẹ̀ jáde ní 1755, ó fẹ́ túmọ̀ "network", ó ní ohun tó reticulated, tó decussated, tó sì ní interstices láàárín. Àwọ̀n ni bàbá ń sọ o. Àwọ̀n!

Àwọn lọ́yà wa ńkọ́? Ní oṣù kẹrin 1999, ilé ẹjọ́ England kó "plaintiff" (olùpẹjọ́) àti "writ" (ìwé ìpẹ̀jọ́) dànù. Ní 2008, àwọn adájọ́ wọn bọ́ wíìgì nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Èkó tẹ̀ lé wọn lórí plaintiff ní 2004. Lórí wíìgì? Kò jọ ọ́. Irun ẹṣin la ṣì ń dé nínú ooru oṣù kẹta, tí òógùn ń ṣàn wọ "hereinafter".

Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ fi ta àwọn alága lọ́rẹ: "mumpsimus". Ìtàn rẹ̀ ti délẹ̀ láti 1517, pé àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan fi ọgbọ̀n ọdún ka "mumpsimus" níbi tí Látìnì ti ní kó ka "sumpsimus". Wọ́n tọ́ ọ sọ́nà, ó fárígá. Ó ní òun ò ní fi mumpsimus àtijọ́ òun gba sumpsimus tuntun wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi pe ẹni tó mọ̀ pé òun ṣì í tó sì taku sí i. Ọba Henry Kẹjọ pàápàá fi bá àwọn aṣòfin rẹ̀ wí ní 1545.

Ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó wúwo, kò tíì gbó lẹ́nu ẹnikẹ́ni níbí. Kí alága gbé e lọ òde ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó kọjú sí olóyè tó jókòó sí àárín high table, kó ní: "Chief, you are a mumpsimus of the highest calibre." Olóyè á dìde, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á tún agbádá rẹ̀ ṣe. Kílẹ̀ tó ṣú, àwọn onílù á ti fi kún oríkì rẹ̀.