Kí ẹ tó béèrè iye owó, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ ó yọ ọ́: èrò ọkàn mi lórí àwòrán tí à ń lẹ̀ mọ́ dígí tí oòrùn ń pa

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Àjàṣẹ́, ní Kétu, ní Ṣábẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwòrán onígbà díẹ̀ tí à ń tẹ̀, tí à ń lẹ̀ mọ́ dígí ṣọ́ọ̀bù láti inú, ni mo fẹ́ sọ lónìí. Bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, aláṣọ á fẹ́ kọ ẹ̀dínwó sójú fèrèsé, onírun á fẹ́ gbé àwòrán irun tuntun síta, ilé ìpoògùn náà á ní ìkìlọ̀ tó fẹ́ kí aráàlú kà. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí gbogbo wọn máa ń bi atẹ̀wé ni, "Èló ni mítà kan?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn ṣì kéré sí èyí tó yẹ kó ṣáájú: ọjọ́ wo la máa yọ ọ́, apá ibo sì ni dígí náà kọjú sí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó pọ̀ jù ní ìgboro, ìyẹn rólù ọ̀rá funfun olówó pọ́ọ́kú tí àtè ẹ̀yìn rẹ̀ kì í fẹ́ ṣí mọ́. Wọ́n ṣe é fún pátákó àti ara ọkọ̀. PVC, irú ike kan, ni, bẹ́ẹ̀ PVC le gan-an fúnra rẹ̀. Òróró tí iléeṣẹ́ pò mọ́ ọn ló sọ ọ́ di rírọ̀. Tí oòrùn bá ń gbóná sí i lójoojúmọ́, òróró yẹn á máa jáde díẹ̀díẹ̀, ọ̀rá náà á máa sún kì. Ẹ wo etí èyíkéyìí tó ti pé oṣù mẹ́ta lójú oòrùn dáadáa, ẹ ó rí ìlà dúdú tínínrín kan tó yí i po. Àtè tó ṣẹ́ kù níbi tí ọ̀rá ti sún kúrò ni, eruku ló lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá wá fẹ́ bó o, á máa fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin, àtè á jókòó sórí dígí, torí ooru ti mú kí ó rìn wọnú gbogbo ojú dígí náà. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pa mọ́ lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ kan gbáko pẹ̀lú abẹfẹ́lẹ́ ni ẹ ó fi san án.

Oòrùn gbogbo fèrèsé kò dọ́gba. Àjàṣẹ́ wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 6.5 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà nítòsí orí wa ni oòrùn sábà máa ń wà lọ́sàn-án, etí òrùlé lásán sì lè ṣíji bo dígí. Oòrùn àárọ̀ láti aago 7 sí aago 10 ló ń wọ fèrèsé tó kọjú sí ìlà-oòrùn tààrà. Ti ìrọ̀lẹ́, láti aago 3 títí di ìgbà tó bá wọ̀, ló ń ba ti ìwọ̀-oòrùn jẹ́. Ti ìwọ̀-oòrùn ló burú jù lójú tèmi, nítorí ìta àti ògiri ti gbóná kó tó dé ibẹ̀. Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì, oòrùn á tẹ̀ sí gúúsù, dígí tó kọjú síbẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an sì ni ọdún kérésìmesì àti ọdún tuntun bọ́ sí, tí gbogbo ọjà ń lẹ àwòrán.

Tí àwòrán yín kò bá ní ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ dígí rárá. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé líle tó tó 200 gíráàmù, ẹ fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kọ́ sẹ́yìn dígí, kí àlàfo bí 5 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín. Ọ̀nà mìíràn ni kí ẹ bá àwọn tó ń fọwọ́ kọ pátákó sọ̀rọ̀: ọ̀dà olómi tí kànìnkànìn tútù lè nù kúrò dára púpọ̀ fún ẹ̀dínwó ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ wọn sì mọ́ ju ẹ̀rọ lọ nígbà mìíràn.

Ọ̀rá tí kò ní àtè, èyí tí àwọn atẹ̀wé wa ń pè ní "électrostatique", ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́ràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí oṣù kan. Ó nípọn tó máíkírọ́nù 150 sí 200 (mìlímítà 0.15 sí 0.2), ó rọ̀, ojú rẹ̀ sì jọ̀lọ̀ débi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń fà mọ́ dígí. Ẹ lè ṣí i kí ẹ tún un lẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lójú oòrùn. Ọ̀sán á mú un gùn, òru á mú un kì; lójoojúmọ́ ni afẹ́fẹ́ á máa wọ etí rẹ̀ títí igun á fi ká jọ. Nígbà ọyẹ́, tí eruku pupa ọ̀nà Kétu tàbí ti Ṣábẹ bá fẹ́ wọlé, hóró iyanrìn kan ṣoṣo ti tó láti gbé odindi igun kan sókè. Ẹ fi í mọ sórí dígí abẹ́ ibòòji, kí ó má ju 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lọ. Ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ sórí dígí tí wọ́n ti fi ọ̀rá dúdú bò tẹ́lẹ̀.

Fún oṣù kan sí mẹ́ta lójú oòrùn, ohun tí mo dúró lé ni ọ̀rá PET (ike irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi) tí àtè ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ sílíkóònù. PET kò nílò òróró kó tó rọ̀, nítorí náà kò sí ohun tí oòrùn máa fà jáde kó lè sún kì. Àtè sílíkóònù kò sì í le mọ́ dígí bí ooru ṣe ń pọ̀. Kò ṣeé lẹ̀ mọ́ ohun tó tẹ̀ kọrọdọ, ṣùgbọ́n dígí tẹ́jú, kò ní wàhálà. Ó wọ́n ju PVC lọ, ẹ sì lè ní láti ránṣẹ́ sí Kùtọnu kí ẹ tó rí i. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ra PVC alátè fẹ́lẹ́ tí wọ́n kọ "enlevable" (ó ṣeé bó kúrò) sí, kí ẹ ka ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ oṣù 6 sí i, ẹ rántí pé ojú ọjọ́ Yúróòpù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò rẹ̀. Èmi a pín in sí méjì fún dígí tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, mo sì gbà pé ẹni tó bá pín in sí mẹ́ta kò ṣàṣejù.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rá oníhò wẹ́wẹ́, "micro-perforé". Èyí tó wọ́pọ̀, ìta ni wọ́n ṣe é fún: ojú funfun ni àwòrán wà, ẹ̀yìn dúdú ni àtè wà. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ láti inú, dúdú ni ará òpópónà máa rí.

Ọ̀rọ̀ tàdáwà ni a kì í sọ tó. Àwòrán tí a lẹ̀ láti inú, tí a fẹ́ kí ará ìta kà, orí ọ̀rá tó mọ́ gaara ni a ń tẹ̀ ẹ́ sí, ní òdì, kí lẹ́tà lè dọ́gba tí a bá wò ó láti ìta. Lẹ́yìn àwọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ tẹ tàdáwà funfun bò ó lẹ́yìn. Láìsí funfun yẹn, òkùnkùn inú ṣọ́ọ̀bù á gba inú àwọ̀ jáde, pupa á dà bí èyí tó dọ̀tí, ìyeyè kò ní hàn rárá. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló ní funfun, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Ohun tó ń dùn mí jù nìyí: wọ́n á ní kí oníbàárà san owó ọ̀rá ìdáàbòbò kí oòrùn má bàa pa àwọ̀. Ẹ wo ibi tí oòrùn ti ń bọ̀. Ó gba dígí, ó gba àtè, ó gba ọ̀rá, ó bá àwọ̀. Ọ̀rá ìdáàbòbò yẹn wà lẹ́yìn àwọ̀, nínú yàrá. Kò sí láàárín oòrùn àti àwọ̀, kò sì lè ṣíji bo nǹkan kan. Ohun tó wúlò fún ni kí ọwọ́ àwọn ọmọdé má ha á. Dígí lásán máa ń dá apá kan dúró nínú ìtànṣán tó ń pa àwọ̀, àmọ́ púpọ̀ nínú èyí tí a ń pè ní UVA ṣì ń kọjá. Ìyeyè àti pupa ló kọ́kọ́ ń lọ, aró àti dúdú ló ń kù, ìdí nìyẹn tí ojú àwọn èèyàn inú àwòrán fi máa ń di aláwọ̀ aró. Kí ẹ lo tàdáwà tó lágbára, kí ẹ má sì gbé iṣẹ́ pàtàkì lé ìyeyè nìkan.

Dúdú tún ní ewu mìíràn. Àwọ̀ dúdú tàbí aró kíkún tó bo ibi púpọ̀ ń mu ooru. Àárín dígí á gbóná, etí rẹ̀ tó wà nínú alumíníọ̀mù á tutù jù ú lọ. Tí etí náà bá ní ibi tó ti já díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, ibẹ̀ ni yóò ti sán. Bí kílímù (ẹ̀rọ amúlétutù) bá tún ń fẹ́ sí dígí náà tààrà, ọ̀rọ̀ á burú sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn lẹ́tà jẹ́ àwọ̀ fífúyẹ́ tàbí gaara, kí lẹ́tà nìkan jẹ́ dúdú. Dígí tí wọ́n fi iná mú le máa ń fara dà á jù; òǹtẹ̀ kékeré kan sábà máa ń wà ní igun rẹ̀.

Ní ti lílẹ̀: tí ó bá jẹ́ tàdáwà olóòórùn ("solvant") ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u sílẹ̀ kó gbẹ fún wákàtí 24, kí ẹ má ká a jọ gbagidi, nítorí kẹ́míkà olóòórùn inú rẹ̀ ń sọ àtè di rírọ̀. Ẹ gé igun rẹ̀ kó rí roboto, kí etí rẹ̀ jìnnà sí rọ́bà fèrèsé ní mìlímítà 3. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí dígí tó gbóná. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ dígí, ẹ fi abẹfẹ́lẹ́ ha á nígbà tí omi ṣì wà lára rẹ̀, ẹ fi àkóòlù ilé ìpoògùn nù ún, ní pàtàkì ibi tí sílíkóònù tí wọ́n fi dí etí alumíníọ̀mù ti ta sí. Fún ọ̀rá ńlá, ẹ wọ́n omi lítà kan tí ẹ kán ẹ̀kán ọṣẹ ìfọbọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí, kí ẹ lè sún un sí ibi tó yẹ, kí ẹ wá tì omi jáde láti àárín lọ sí etí. Tí dígí bá fẹ̀ ju rólù lọ, ẹ jẹ́ kí ìsopọ̀ gun ara wọn ní mìlímítà 5 sí 10. Èyí tí ẹ bá kàn fi etí kan etí á ya kí oṣù tó parí.

Ọjọ́ yíyọ, ẹ dúró kí oòrùn mú dígí lọ́ wọ́ọ́rọ́, tàbí kí ẹ lo ẹ̀rọ tí àwọn onírun fi ń gbẹ irun. Láti igun ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ fà á díẹ̀díẹ̀ kó sún mọ́ dígí, ẹ má fà á tààrà síta. Tí àtè bá ṣẹ́ kù, ẹ fi òróró ìdáná pa á fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi epo kpayo (bẹntiróòlù etí ọ̀nà) nù ún. Ó ń jẹ rọ́bà fèrèsé, iná sì wà nítòsí rẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ má sun PVC náà ní ẹ̀yìnkùlé. Èéfín rẹ̀ lóró.

Ẹ̀yin atẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lẹ̀ ẹ́ àti ọjọ́ tó yẹ kí a yọ ọ́ sí igun ìsàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kékeré, 8 mìlímítà ti tó, kí ẹni tó bá ń gbá ṣọ́ọ̀bù lè rí i.