Ilé Làbọ̀ Simi Oko: Ìwé Ọjọ́ Kan Tí Zdeno Chara Tọwọ́ Bọ̀ ní Boston

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, Zdeno Chara, gbajúmọ̀ agbá họ́kì orí yìnyín, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ Boston Bruins ní Amẹ́ríkà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni àdéhùn náà wà fún. Kò ní gbá eré kankan nínú ẹ̀, kò tiẹ̀ ní tẹ yìnyín. Ó buwọ́ lùwé, ó bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó, ó sì fẹ̀yìn tì kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹni ọdún 45 ni. Ẹni tí kò mọ ìdí abájọ á ní irú eré bébà wo rèé. Àwọn tó ti ń pè é ní Big Z láti 2006 ò bi ara wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ gbèsè tí bébà yẹn wá san.

Ilé làbọ̀ simi oko, àwọn àgbà ló sọ ọ́. Ó ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé ẹni tó kàn fẹ́ lọ sùn náà ń lò ó. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ "àbọ̀" inú ẹ̀ dáadáa. Àgbẹ̀ lè sùn sí ahéré ẹlòmíì, kó jẹun yó níbẹ̀, kí ara tù ú. Ó ti sinmi nìyẹn, àmọ́ kò tíì bọ̀. Ọjọ́ tó bá sọ ẹrù kalẹ̀ lójúde ara rẹ̀, tọ́mọ ilé gba àdá lọ́wọ́ ẹ̀, tí wọ́n ní "ẹ kú àbọ̀, ẹ kú iṣẹ́", ọjọ́ yẹn ló tó bọ̀. Ẹnu ará ilé loko ti ń parí. Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ Chara nìyẹn, torí àwọn tó kí i káàbọ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti lé ní ọdún méjì tí ìkíni ọ̀hún ti há sí wọn lọ́fun.

Fún ẹni tí kò wo họ́kì orí yìnyín rí: èèyàn mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kípà kan, dìfẹ́ńdà méjì, oníwájú mẹ́ta. Róbà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fi igi gbá, ó sì le bí òkúta. Dìfẹ́ńdà ni ògiri ilé. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀. Àmọ́ ta ló ń dúró yin ògiri tí kò lanu? Ọjọ́ tí aláǹgbá bá wọlé ni gbogbo ojú ń yí sí i. Chara gbá eré líìgì 1,680, góòlù 209 ló sì jẹ nínú gbogbo ẹ̀. Nínú ìtàn NHL, ìyẹn líìgì họ́kì Amẹ́ríkà àti Kánádà, kò sí dìfẹ́ńdà tó gbá eré tó bẹ́ẹ̀ ṣáájú ẹ̀. Chris Chelios ló wà níwájú tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú 1,651, Chara kọjá a ní oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí òun fúnra ẹ̀ ń sún mọ́ ọdún 45.

Trenčín ni wọ́n ti bí i ní 1977, ní Slofákíà tòní, nígbà tó ṣì wà lára Czechoslovakia. Oníjàkadì ni bàbá ẹ̀, ó ṣojú orílẹ̀-èdè wọn níbi ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 1976. Ọmọ náà ga, ó ga títí ó fi ga jù, wọ́n ní kó lọ máa gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íǹṣì mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó ga jù ú lọ rí nínú líìgì. Nígbà tí wọ́n ń ṣa àwọn ọ̀dọ́ ní 1996, èèyàn 55 ni wọ́n ti mú kí New York Islanders tó pe orúkọ tirẹ̀. Ní 2001, àwọn yẹn náà fi í kún ohun tí wọ́n kó fún Ottawa láti fi gba gbajúmọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Alexei Yashin. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe "baba". Ní 2009 ó gba ife Norris, èyí tí wọ́n ń fún dìfẹ́ńdà tó dára jù lọ lọ́dún. Ní 2012, ó gbá róbà náà, ó fò ní ìwọ̀n máìlì 108.8 láàárín wákàtí kan. Ẹ fojú inú wo ẹni tó dúró síwájú irú ìyẹn.

Boston ló wá di ilé. Ọdún 2006 tó débẹ̀ ni wọ́n ti fi í ṣe balógun ikọ̀, ó sì wà nípò yẹn fún sáà 14. Ohun kan wà tó ṣe níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ife lọ. Àṣà wà nínú họ́kì pé ọmọ tuntun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni wọ́n ń rán níṣẹ́ kúṣẹ́, òun ni wọ́n ń mú kó sanwó oúnjẹ gbogbo èèyàn. Chara ní òun ò fẹ́. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fi "rookie" pe ẹnikẹ́ni, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀: kò gbọ́ òwe yìí rí, ó kàn ń ṣe é ni. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹfà ọdún 2011, wọ́n na Vancouver nínú eré keje tó kẹ́yìn àṣekágbá, ife Stanley tí olúborí líìgì ń gbà sì wọ Boston fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1972. Balógun ló ń kọ́kọ́ gbé ife ọ̀hún sókè. Àwọn olólùfẹ́ ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí dòní pé ife náà kò gòkè tó bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti rọ ọ́.

Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ Chara bá bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará Boston, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mẹ́nu ba 2011 lákọ̀ọ́kọ́. Oṣù kẹfà 2019 ni wọ́n ń sọ. Àṣekágbá ni, St. Louis ni wọ́n ń bá gbá a. Ní eré kẹrin, róbà fi igi rẹ̀ ṣẹ́rí, ó bà á lẹ́nu, eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ kán. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí yìnyín. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni eré karùn-ún ní Boston. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn tó máa gbá, ọkùnrin gíga yẹn sì jáde, wọ́n ti so ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ̀, ó fi ìbòjú bo gbogbo ojú. Ariwo tó sọ nílé eré lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹni tó wà níbẹ̀ kò ní gbàgbé. Kò lè la ẹnu fi dáhùn. Ó dúró gbọnyin, wọ́n ń pariwo. Wọ́n pàdánù eré yẹn, wọ́n sì pàdánù ife náà nínú eré keje lójúde ara wọn. Kò sí ife tó gbé ìrántí alẹ́ yẹn ró. Ariwo yẹn ló gbé e ró.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Kòrónà dé. Eré tó gbá gbẹ̀yìn fún Bruins, Toronto ni, lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 2020, níbi tí wọ́n kó àwọn ikọ̀ pa mọ́ sí. Kò sí òǹwòran kan ṣoṣo. Ní ìparí ọdún yẹn, Bruins ní àwọn fẹ́ fàyè gba àwọn ọ̀dọ́, Chara lọ bá Washington, dọ́là 795,000 ni wọ́n fún un. Ẹ rántí pé mílíọ̀nù 37 àtààbọ̀ ni Boston fi mú un wá fún ọdún márùn-ún. Inú bí àwọn olólùfẹ́ gan-an. Ẹni tó bá ta ará ilé ẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́: bí ohùn wọn ṣe rí nìyẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ tiwọn. Èmi ò dá Bruins lẹ́bi tán. Ẹni ọdún 43 ni, yìnyín kì í sì í bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ohun tó dùn wọ́n jù ni bó ṣe lọ. Oṣù kẹta 2021, ó padà wá sí Boston nínú jẹ́sì Washington, wọ́n ṣe fídíò ìyìn fún un, àwòrán rẹ̀ ń kọjá lórí ojú ẹ̀rọ ńlá, gbogbo àga sì ṣófo.

Mo mọ bí irú ẹ̀ ṣe máa ń rí. Ọdún 31 ni bàbá mi fi kọ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì bọ́ sí àárín ìyanṣẹ́lódì, ilé ẹ̀kọ́ pa lọ́lọ́, wọ́n dá mú báàgì wọn, wọ́n wálé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ọlọ́kadà kan gbé agogo ara ògiri dé pẹ̀lú orúkọ wọn lára ẹ̀. Kò sí bátìrì nínú ẹ̀. Bàbá gbé e kọ́ sí pálọ̀, wọn ò sì ra bátìrì sí i títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ìdí nìyí tí ìwé ọjọ́ kan yẹn ò fi jọ mí lójú eré. Nígbà tí Chara kúrò ní Washington, tó padà lọ parí sáà tó kẹ́yìn pẹ̀lú Islanders, ó lè fẹ̀yìn tì síbẹ̀, ibẹ̀ ló kúkú ti bẹ̀rẹ̀. Ahéré ni. Ó mọ ojúde tó yẹ kó sọ ẹrù sí.

Ọjọ́ náà gan-an wá jẹ́ ọjọ́ àràmàǹdà. Dìfẹ́ńdà mẹ́ta ló fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ kan ṣoṣo: Chara, Keith Yandle tó gbá eré 989 léraléra láìpa ẹyọ kan jẹ, àti P.K. Subban, ọmọ Toronto tí àwọn òbí ẹ̀ wá láti Kàríbíà. Ẹni ọdún 33 péré ni Subban. Montreal ti tà á lọ sí Nashville ní 2016, lẹ́yìn ọdún kan tó ṣèlérí dọ́là mílíọ̀nù mẹ́wàá fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé níbẹ̀, àwọn ará ìlú ò sì gbà á lérò. Ní oṣù kìíní 2023 ni wọ́n pè é padà sórí yìnyín wọn, wọ́n sì pariwo fún un bí ẹni pé kò lọ rí. Òun náà rí ilé bọ̀ sí.

Àmọ́ Montreal kan náà yẹn, ẹ má dárúkọ Chara níbẹ̀. Oṣù kẹta 2011, ó ti Max Pacioretty mọ́ ẹ̀gbẹ́ yìnyín, orí ọmọ náà sọ òpó tó gbé gíláàsì ró, eegun ọrùn ẹ̀ sán. Líìgì ò dá Chara dúró fún ọjọ́ kan. Inú ìlú ru, wọ́n pe ọlọ́pàá, àwọn ọlọ́pàá sì wádìí ẹ̀ títí àwọn agbẹjọ́rò ìjọba fi ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá padà lọ síbẹ̀, igbe ẹ̀gàn ni. Àwọn kan nínú wọn ṣì ní láti gbà pé àwọn máa ṣàárò ẹni tí àwọn ń bú. Bí a bá ń jà, bí í ká kú kọ́. Mi ò ní sọ pé kí wọ́n gbàgbé, ọrùn ọmọ ẹni kì í ṣe ọrùn ọmọ ẹlòmíì. Òkìkí méjì ló tọ́ sí dìfẹ́ńdà tó mọṣẹ́: ariwo ayọ̀ nílé, ariwo ìbínú lẹ́yìn odi.

Ní 2025, wọ́n gbé orúkọ ẹ̀ wọ ilé ọlá họ́kì ní Toronto. Ìyẹn dára, èyí tí mo fẹ́ sọ ti ṣáájú ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2023, bí oṣù méje lẹ́yìn ìwé ọjọ́ kan yẹn, Chara sá eré Boston Marathon, máìlì 26 àti díẹ̀. Kò sí igi lọ́wọ́ ẹ̀, kò sí yìnyín, ẹsẹ̀ méjèèjì ló ń fi lu ọ̀dà. Àwọn èèyàn tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú 38 àti ìṣẹ́jú àáyá 23 ló fi sá a, àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣàn ní oṣù kẹta 2021 tí àga ṣófo, láyè láti pe orúkọ ẹ̀ bó ti ń kọjá lọ lójú wọn.