Irọ́ Ni Pé Ẹ̀rọ Olówó Ńlá Nìkan Ló Ń Ṣe Ohun Oní-Nànó

Níbi ìjókòó ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tí mo lọ láìpẹ́ yìí, níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ nípa ohun oní-nànó, ìyẹn ohun tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, àbúrò kan tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì dìde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹni tí kò bá ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ ohun oní-nànó, kò lè ṣe é láéláé." Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ mi orí, wọ́n tún pàtẹ́wọ́ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti mú un wá: ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ ASML ní Nẹ́dálándì ń ṣe, èyí tí wọ́n fi ń fi ìmọ́lẹ̀ fa ìlà sára ṣíìpù kọ̀ǹpútà, ẹyọ kan rẹ̀ ju 100 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Òótọ́ ni ti ṣíìpù, ṣùgbọ́n ta ló sọ pé ṣíìpù nìkan ni ohun kékeré tó wà láyé?

Ẹ jẹ́ ká wo polyethylene, ike tí wọ́n fi ń ṣe kẹ́ẹ̀gì àti ọ̀rá. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni mólékù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kábọ́ọ̀nù ló so mọ́ra wọn lọ gbọọrọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ṣe ni àwọn okùn wọ̀nyí kàn lọ́ mọ́ra wọn bí òwú tí ọmọdé fi ṣeré. Ní ọdún 1957, ní Yunifásítì Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Andrew Keller yọ́ ike yìí sínú xylene gbígbóná, ìyẹn kẹ́míkà olómi kan, ó sì jẹ́ kí ó rọra tutù. Ohun tó dì nínú rẹ̀ jẹ́ kírísítà, ìyẹn ohun tí mólékù rẹ̀ tò létòlétò bí hóró àgbàdo ṣe tò lára ṣùkù. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, nínípọn rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi nànómítà 10 lọ. Bí ẹ bá pín mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 100,000, ìdá kan rẹ̀ nìyẹn.

Ibí yìí gan-an ni ẹ̀rí wà. Nígbà tí Keller yẹ kírísítà náà wò, ó rí i pé òró ni àwọn okùn náà dúró nínú rẹ̀, láti ojú kan dé ojú kejì. Okùn tí ó ní kábọ́ọ̀nù 10,000, bí a bá fà á gùn, yóò ju nànómítà 1,200 lọ. Báwo ni okùn nànómítà 1,200 ṣe wá dúró lóròó nínú pẹpẹ nànómítà 10? Àfi kí ó dé ojú òkè kí ó ṣẹ́rí padà, kí ó dé ìsàlẹ̀ kí ó tún ṣẹ́rí, ní ìgbà tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Lọ́dún kan náà, E. W. Fischer ní Jámánì àti P. H. Till ní Amẹ́ríkà rí irú kírísítà yìí láìgbára lé Keller. Paul Flory, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1974, bá wọn jiyàn gidigidi lórí bí okùn ṣe ń ṣẹ́rí, n kò sì ní sọ pé iyàn náà ti tán pátápátá. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jiyàn pé kírísítà náà kò tín-ínrín. Ìwọ̀n ooru ló sì ń pàṣẹ nínípọn rẹ̀: bí ó bá dì nínú ooru tó pọ̀ díẹ̀, yóò nípọn, bí ó bá dì nínú èyí tó kéré, yóò fẹ́lẹ́.

Ian Manners ní Bristol àti Mitchell Winnik ní Yunifásítì Toronto tilẹ̀ gbé e kọjá ibẹ̀ ní 2007. Wọ́n lo pọ́límà (mólékù gígùn bí okùn, irú èyí tó wà nínú ike) alápá méjì: apá kan ń dì, apá kejì kò fẹ́ dì, inú kẹ́míkà olómi tí wọ́n yọ́ ọ sí ni ó ń fẹ́ wà. Èyí tó ń dì ń kóra jọ di ọ̀pá tíńtín, pọ́límà tuntun tí wọ́n bá sì dà sí i, orí méjèèjì ọ̀pá náà ni yóò ti máa lẹ̀ mọ́ ọn, tí ọ̀pá yóò fi máa gùn sí i. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń dà sí i, ọ̀pá náà yóò ní abala ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí aṣọ òfì tí ahunṣọ pa òwú rẹ̀ dà lágbede méjì. Nígbà tó di 2010, wọ́n ti lè pinnu gígùn ọ̀pá láti nànómítà 200 dé 2,000, nípa wíwọn iye tí wọ́n dà sínú ìgò. Níbo ni ẹ̀rọ ìgbẹ́ǹkan wà nínú èyí?

Èmi fúnra mi ti ṣe ti Keller nígbà tí mo wà ní akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo ní kò ju ìgò, abọ́ òróró gbígbóná, tẹmómítà àti ike díẹ̀ tí kò kún ṣíbí tíì lọ. Ó yọ́, ó mọ́ kedere bí omi. Mo pa iná, mo sì dúró tì í. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, bí mo sì ti ń rọra yí ìgò náà lọ́wọ́, ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń dán nínú rẹ̀ bí aṣọ sányán nínú oòrùn. Mo sọ èyí fún àbúrò wa níbi ìjókòó náà. Ó ní, "Ṣebí maikirosíkópù olówó ńlá náà lẹ padà fi rí i, sà?" Bẹ́ẹ̀ ni, mo fi rí i, n kò fi ṣe é. Ní ọjọ́ kejì tí mo gbé ìgò náà dé iwájú ẹ̀rọ yẹn, kírísítà ti wà nínú rẹ̀ láti àná.